Èjìká kan náà ni Mọ́ńdè àti Túsìdè jọ ń lò

Ọmọ SS1 kan ló kọ́kọ́ rí i. Ó nawọ́ sókè, mo rò pé ìbéèrè ló ní, ó ní, "Sà, ẹ ò kọ nǹkan sókè pátákó mọ́ o, àárín lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní kó jókòó jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yíjú padà sí pátákó mo rí i pé òótọ́ lọmọ yẹn sọ. Òkè pátákó mọ́ tónítóní, gbogbo ìṣirò ti sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí ọwọ́ mi lè dé láìgbé ìgúnpá kọjá èjìká. Mi ò lè sọ ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ara mi ti ń dọ́gbọ́n sí i lẹ́yìn mi, kò bun mi gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tíṣà ìṣirò ni mí n'Ìbàdàn, mo ti lé ní ogójì ọdún, mo sì máa ń gbé irin. Kì í ṣe pé mo fẹ́ lọ gba ife-ẹ̀yẹ níbì kan o, kí ikùn má kàn máa ṣáájú mi wọlé ni. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ni mo ti bẹ̀rẹ̀, sìmẹ́ńtì tí wọ́n dà sínú agolo ọ̀dà ni irin ibẹ̀, wọ́n á ki páìpù bọ̀ ọ́ láàárín, ẹ̀gbẹ́ kan á wúwo ju ìkejì lọ, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iye kílò tẹ́ ẹ gbé àfi kẹ́ ẹ bi Ọlọ́run. Nígbà tó yá ni mo bọ́ sí jíìmù gidi, tó ní dígí, tó ní fáànù, tí wọ́n kọ kílò sára gbogbo nǹkan. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fún mi ní táìmùtébù tó fẹ́ gba apá lọ́wọ́ mi.

Gbogbo jíìmù tí mo ti wọ̀ rí, Mọ́ńdè lọjọ́ àyà. Mi ò mọ ẹni tó fi ṣòfin. Ẹ débẹ̀ láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, ẹ ó bá wọn tó wà lórí ìlà nídìí bench, àga gbọọrọ tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí láti ti irin sókè, bí ẹni tó ń dúró de epo bẹntiróòlù, ibi squat, ìyẹn kéèyàn gbé irin lé èjìká kó lóṣòó kó dìde, á dá páropáro. Túsìdè, èjìká. Wẹ́sìdè, apá. Tọ́sìdè, ẹ̀yìn. Fráídè, ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn náà, ká má parọ́, Fráídè tí ọ̀rẹ́ bá ti pè pé pẹ́pẹ́súùpù ti délẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Táìmùtébù yẹn dùn-ún wò, ọjọ́ kan ẹ̀yà ara kan, ó dà bí ìgbà téèyàn to ilé rẹ̀ dáadáa, kò sí ẹni tó máa wò ó tó máa ní nǹkan ń ṣe é.

Èjìká ọ̀tún ló kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn. Tí mo bá fẹ́ wọ bùbá, ọwọ́ tó yẹ kó gòkè á dúró lágbede méjì, màá wá fi ọwọ́ òsì tì í lẹ́yìn. Tí mo bá jókòó sẹ́yìn Micra tí mo fẹ́ na owó sí dírẹ́bà, ọwọ́ òsì ni mo fi ń nà án, àgbàlagbà kan tá a jọ wọkọ̀ lọ́jọ́ kan wò mí tìkà-tẹ̀gbin, mo ní ẹ má bínú bàbá, ọwọ́ ọ̀tún ló ń dùn mí. Lálẹ́, mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn. Mo sọ fún ẹni tó ń darí wa ní jíìmù, ó ní bí iṣan ṣe ń dàgbà nìyẹn, kí n má ṣe bí ọ̀lẹ, ó sì fi gbígbé dumbbell, irin kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan mú, síwájú kún iṣẹ́ Túsìdè mi, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta gbáko (sẹ́ẹ̀tì kan ni kéèyàn gbé e léraléra kó tó sinmi). Mo ṣe é. Ìwé tí mo kà kò wúlò fún mi lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá Ìbejì ló lé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn físíò, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé tó ń dunni. Obìnrin tí mo bá níbẹ̀ ò fọwọ́ kan èjìká yẹn rárá fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kàn ní kí n kọ gbogbo nǹkan tí mò ń ṣe láti Mọ́ńdè dé Fráídè sórí pépà. Mo kọ ọ́. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Tíṣà, ọjọ́ wo ni èjìká yìí ń sinmi?"

Mo ní, "Ọjọ́ Túsìdè nìkan lọjọ́ èjìká mà, ọjọ́ tó kù ó ń sinmi."

Ó ní kí n fi ọwọ́ òsì di iwájú èjìká ọ̀tún mú, kí n tẹ ìka wọlé díẹ̀, kí n wá ṣe bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Iṣan tó wà lábẹ́ ìka mi le gbandi bí òkúta. Ó ní, "Bench press yín ti Mọ́ńdè nìyẹn." Ó ní kí n ṣe bí ẹni ń gbé ẹrù sókè orí. Ó tún le, ìyẹn Túsìdè. Ó ní kí n wá gbé ìka lọ sẹ́yìn apá, láàárín èjìká àti ìgúnpá, ibi tí wọ́n ń pè ní triceps, kí n tún ti ilẹ̀kùn yẹn. Ó le. Kí n gbé ẹrù yẹn. Ó le. Kó tó sọ tẹ Wẹ́sìdè mo ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ, nítorí triceps gan-an ni mo ń fi Wẹ́sìdè pa lọ́tọ̀, oríṣi mẹ́ta, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta-mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta léraléra, iṣan kan náà, èmi wá ń pè é ní àyà, èjìká, apá.

Ẹ wá wo ìtìjú o. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, sets ni mò ń kọ́ àwọn SS1. Mo ya róbótó méjì sójú pátákó, lágbede méjì pátákó ṣá, ọ̀kan fún àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ọ̀kan fún àwọn tó fẹ́ràn tẹníìsì, mo ní ibi tí róbótó méjèèjì ti wọnú ara wọn, àwọn tó fẹ́ràn méjèèjì ló ń gbébẹ̀, ẹni tó bá ka àwọn bọ́ọ̀lù tó ka àwọn tẹníìsì tó wá rò wọ́n pọ̀, ó ti ka àwọn àárín yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo yọ máàkì méjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó gbàgbé. Sẹ́ẹ̀tì ni mò ń kọ́ wọn láàárọ̀, sẹ́ẹ̀tì ni mò ń ṣe ní jíìmù nírọ̀lẹ́, orí mi ò so méjèèjì pọ̀ rárá.

Ọjọ́ yẹn ni mo ra ìwé 40 leaves kan. Ọ̀nà tí mo fi ń ka iṣẹ́ níbẹ̀ ò le, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú náà máa ń lò ó: iṣan tó jẹ́ òun gan-an ló ni iṣẹ́, sẹ́ẹ̀tì kan ni sẹ́ẹ̀tì kan, iṣan tó wá ràn án lọ́wọ́, ìdajì. Bench press, àyà ló ni ín, àyà gba odindi, iwájú èjìká gba ìdajì, triceps gba ìdajì. Row, ìyẹn fífa irin wá sára, ẹ̀yìn ló ni ín, iwájú apá àti ẹ̀yìn èjìká gba ìdajì-ìdajì. Kì í ṣe òdiwọ̀n tí wọ́n fi rúlà wọ̀n, ṣùgbọ́n ó sàn ju kéèyàn máa ka oríkì ọjọ́ lọ.

Mo wá ka táìmùtébù mi àtijọ́. Mọ́ńdè, bench 4, bench tí wọ́n gbé orí ẹ̀ sókè 4, dip (fífi ọwọ́ méjèèjì ti ara ẹni sókè láàárín irin méjì) 4, ó di 12. Túsìdè, gbígbé irin sókè orí 4, gbígbé dumbbell síwájú 3. Wẹ́sìdè, triceps 9. Tọ́sìdè, row 4, deadlift (gbígbé irin nílẹ̀ títí téèyàn á fi nà ró) 3. Ẹ bá mi rò ó: iwájú èjìká gba 6 láti Mọ́ńdè, 7 láti Túsìdè, 13. Triceps gba 6, ó gba 2, ó wá gba 9 tiẹ̀, 17. Ẹ̀yìn èjìká ń kọ́? Ìdajì row mẹ́rin. Méjì. Méjì lódidi ọ̀sẹ̀! Èjìká kan ṣoṣo, iwájú ń jẹ 13, ẹ̀yìn ń jẹ 2, ẹ wá ń béèrè ìdí tó fi wọ́.

Físíò yẹn ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. Ó ní orí egungun apá dà bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbé lé ọpọ́n pẹlẹbẹ, ọpọ́n yẹn ò jìn, iṣan kéékèèké mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní rotator cuff ló dì í mú kó má yẹ̀. Okùn iṣan ọ̀kan nínú wọn gba abẹ́ egungun òrùlé èjìká kọjá, ibẹ̀ há, tí iṣẹ́ bá wá pọ̀ jù fún un láìsinmi, á bínú, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ọwọ́ sókè á máa ta yín. Ó fún mi ní rọ́bà pupa kan, ó ní kí n so ó mọ́ ìlẹ̀kùn, kí n lẹ ìgúnpá mọ́ ẹ̀gbẹ́, kí n máa fa ọwọ́ síta díẹ̀díẹ̀. Nǹkan tí ò tó nǹkan, ó dà bí eré ọmọdé, ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún òógùn ti bo iwájú orí mi. Mo tún fi bench sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyẹn gan-an ló dùn mí ju èjìká lọ.

Iṣan tó bá ṣiṣẹ́ tó le gidi, ó máa ń tó bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ìyẹn wákàtí 48 sí 72, kó tó ṣe tán láti tún ṣe irú ẹ̀, ẹni gbogbo ló mọ èyí ní jíìmù, gbogbo wa la sì máa ń pariwo ẹ̀, a kàn ń ka wákàtí yẹn fún orúkọ ọjọ́ ni, a ò kà á fún iṣan. Nǹkan míì tún wà tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀: iṣan kékeré ló kọ́kọ́ ń sú. Tẹ́ ẹ bá ti lo triceps lánàá, tẹ́ ẹ wá dùbúlẹ̀ sórí bench lónìí, triceps ló máa kọ̀ ọ́ kí àyà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá, ẹ ó dìde, ẹ ó ní àyà mi ò dàgbà, àyà tí ò rí iṣẹ́ ṣe! Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ní kéèyàn fi iṣẹ́ ńlá ṣáájú, kó fi ti apá kásẹ̀ nílẹ̀.

Tuntun tí mo tò, ọjọ́ mẹ́rin ni. Mọ́ńdè àti Tọ́sìdè fún òkè ara, Túsìdè àti Sátidé fún ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ òkè, bí mo bá ti nǹkan mo gbọ́dọ̀ fa nǹkan, bench 4 lọ pẹ̀lú row 4, gbígbé sókè orí 3 lọ pẹ̀lú fífa irin wálẹ̀ látòkè 4, mo wá fi okùn tí wọ́n ń fà wá síwájú ojú kún un, sẹ́ẹ̀tì 2, ti ẹ̀yìn èjìká nìyẹn. Triceps di sẹ́ẹ̀tì 2 péré lọ́tọ̀, iwájú apá náà 2. Gbígbé dumbbell síwájú, mo ti dágbére fún un. Lọ́jọ́ òkè méjèèjì, iwájú èjìká wá ń gba 10 lọ́sẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ń gba 12, triceps ń gba 11. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí pé apá mi máa fọn bí igi ìgbálẹ̀. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí mo padà sórí bench, 65 kg tí mo ti ń lọ́ mọ́ látọjọ́ yìí di 75. Apá kò fọn o.

Ibi tó tún fẹ́ dojú rú ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ìyẹn kì í ṣe ti òkè kì í ṣe ti ìsàlẹ̀, gbogbo ilé ló ń rán an níṣẹ́. Squat ń lò ó kéèyàn má ṣubú síwájú, deadlift ń lò ó, row téèyàn tẹ̀ síwájú ṣe náà ń lò ó. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ṣe row oníbẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè, Túsìdè mo gbé irin lé èjìká láti squat, ìdí mi ń gbọ̀n bí ewé. Mo yí row padà, mo ń fi ọwọ́ kan àti orúnkún kan lé bench, mo wá ń fi ọwọ́ kejì fa dumbbell. Ẹ̀yìn òkè ṣiṣẹ́ ẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn sinmi. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní jíìmù wa náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ rí, ìdí ló fẹ́ kó yọ, ó ń squat ní Mọ́ńdè, ó ń ṣe hip thrust ní Wẹ́sìdè, ó ń ṣe deadlift ní Fráídè, lunge ní Sátidé, gbogbo ẹ̀ ló ń fọwọ́ kan ìdí, ó ní ìdí ò yọ, ẹ̀yìn ló ń yọ òun lẹ́nu. Nígbà tó dín in kù sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lara ẹ̀ tó balẹ̀.

Ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ méjì péré ló rí láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ má da ara yín láàmú pẹ̀lú gbogbo pínpín yìí, ẹ ṣe gbogbo ara lọ́jọ́ méjèèjì, títì kan, fífà kan, squat kan, ó parí. Ọjọ́ méjì yẹn náà ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kó kéré jù fún àgbàlagbà.

Àwọn kan á ní bench ṣáà ni bàbá gbogbo ẹ̀, ṣé ẹ rí Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀ tó gbé 167 kg ní Paris ní 2024 tó fi gba góòlù Paralympics. Mo rí i, mo sì pariwo débi pé àwọn ìbejì jí. Powerlifting ti Paralympics, bench press nìkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ẹsẹ̀ náà á wà nínà lórí bench. Ṣùgbọ́n ìdíje la rí yẹn, gbígbé ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èèyàn ò lè wo ọjọ́ ìgbéyàwó kó ní báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé ilé ọkọ.

Èyí tí mi ò retí rárá ni ti omi. Sátidé kan, mo kó 100 kg sílẹ̀ fún deadlift, ìwọ̀n tí mo máa ń gbé lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ìka ọwọ́ ọ̀tún mi ṣí fúnra ẹ̀, irin já bọ́ gbì, gbogbo jíìmù yíjú. Ẹsẹ̀ ò rẹ̀ mí, ẹ̀yìn ò dùn mí, ọwọ́ ṣáà ni ò di nǹkan mú mọ́. Mo ti ń ronú àwọn ọmọ aráyé nílé wa lọ́hùn-ún kí n tó rántí alẹ́ àná. Nẹ́pà ò mú iná wá fún ọjọ́ mẹ́ta, pọ́ǹpù ò ṣiṣẹ́, táńkì gbẹ, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la sì ń gbé. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà, méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti ìdí kànga dé kíṣìnì, ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Lítà omi kan, kílò kan ni. 50 kg lẹ́ẹ̀mẹjọ lórí àtẹ̀gùn, ìka ni gbogbo ẹ̀ so rọ̀ sí, èmi wá kọ "ìsinmi" sí Fráídè nínú ìwé mi.

Mo fi ìlà kan kún ìwé yẹn: kẹ́ẹ̀gì omi, ọwọ́ àti ọrùn, sẹ́ẹ̀tì 4. Bí omi bá já lé Fráídè lọ́wọ́, deadlift á sún sí Sọ́ńdè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí oṣù méjì lẹ́yìn tí mo lọ rí físíò ni mo tún kọ nǹkan sókè pátákó pátápátá, mo kọ déètì síbẹ̀, mo wo ọmọ yẹn, kò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ń jẹ ẹ̀pà lábẹ́ tábìlì.

Sọ́ńdè tó kọjá, mo jókòó sí pálọ̀, Ìyá Ìbejì pè mí láti kíṣìnì pé iṣu ti jinná, odó wà nílẹ̀. Mo ní Mọ́ńdè lọ́la, ìwé wà lórí tábìlì, kó wò ó, èjìká gbọ́dọ̀ sinmi mọ́jú ọjọ́ bench. Ó jáde wá lóòótọ́, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó ṣí ìwé, ó kà á láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń ka rísíìtì.

"Bàbá Ìbejì, mo rí omi níbí. Iyán ń kọ́?"

Mo ní iyán ò sí níbẹ̀.

Ó mú báírò mi, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ kẹ́ẹ̀gì omi: "Iyán. Sọ́ńdè. Sẹ́ẹ̀tì 1, títí á fi kúnná." Ó wá gbé ọmọrí odó lé mi lọ́wọ́.